Ààrò Kékeré Inú Ara: Ibi tí Oúnjẹ Ti Ń Di Agbára

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá bá àwọn abiyamọ sọ lórí oúnjẹ ọmọdé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ oṣù mẹ́jọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì rọra sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì.

“Àǹtí, ẹ dákun, mo ní ìbéèrè kan tí n kò lè béèrè lójú gbogbo ènìyàn. Mò ń jẹun yó. Ọkọ mi kò fi ebi pa mí. Ẹ̀kọ ni mò ń mu ní àárọ̀, ẹ̀bà ni mò ń jẹ ní ọ̀sán, láfún sì ni ní alẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pọn omi dé ilé báyìí, àyà mi a máa lù kìkì, ẹsẹ̀ mi a sì máa gbọ̀n. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mí. Ṣé ọ̀lẹ ni mí lóòótọ́?”

N kò lè dá a lóhùn tán ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo kọ́kọ́ ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé olùkọ́ ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá mi délé, ó sì bá mi sùn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ó ní irú rẹ̀ nínú tí ẹ kò rí ẹni bi. Báwo ni ènìyàn ṣe lè jẹun yó kí agbára má sì sí lára rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ikùn. Ó wà ní ibi kan tí ojú lásán kò lè rí, níbi tí oúnjẹ ti ń di agbára gan-an, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ mú yín lọ lónìí.

Gbogbo ara wa, ìbáà ṣe awọ, ìbáà ṣe egungun, ìbáà ṣe ọpọlọ, àpapọ̀ àwọn ohun wínníwínní tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni. Bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ni a ṣe fi sẹ́ẹ̀lì mọ ara. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé búlọ́ọ̀kù kì í jẹun, kì í sì í mí, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń jẹun, ó ń mí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá gbé òkèlè ẹ̀bà mì, iṣẹ́ ọlọ ni ikùn àti ìfun ń ṣe: wọn a lọ̀ ọ́, wọn a yọ́ ọ, títí yóò fi di irú ṣúgà kan tí ń jẹ́ gúlúkóòsì. Ẹ̀jẹ̀ a gbé ṣúgà yìí káàkiri ara bí aláàárù ti ń gbé ẹrù nínú ọjà, a sì sọ̀ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń gbé ọ́síjìn, èyíinì ni apá tí ó wúlò jù nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú, láti inú ẹ̀dọ̀fóró wá. Inú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé, bí igi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé nínú ààrò.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ fi í wé iná. Ní ìgbà òtútù ọdún 1782 sí 1783, Antoine Lavoisier àti Laplace ní ilẹ̀ Faransé gbé ẹranko kékeré kan, tí kò tóbi ju òkété lọ, sínú ohun èlò kan tí wọ́n fi yìnyín yí ká. Wọ́n wọn omi tí ooru ara ẹranko náà yọ́ láti ara yìnyín. Wọ́n tún jó èédú nínú ohun èlò kan náà, wọ́n sì fi èkíní wé èkejì. Ohun tí wọ́n rí ni pé iṣẹ́ kan náà ni ẹranko tí ń mí àti èédú tí ń jó ń ṣe: àwọn méjèèjì ń gba irú afẹ́fẹ́ kan, wọ́n sì ń tu irú afẹ́fẹ́ mìíràn àti ooru jáde. Mímí jẹ́ jíjó, ṣùgbọ́n ó jẹ́ jíjó tí kò ní ahọ́n iná, tí ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, nítorí pé obìnrin ni a jẹ́. Ìyàwó Lavoisier, Marie-Anne, tí ó fẹ́ ní 1771 nígbà tí ọmọbìnrin náà kò ju ọmọ ọdún 13 lọ, ni ó ń túmọ̀ ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì fún un, òun ni ó sì ń ya àwòrán iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ó ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń dán mímí ènìyàn wò, ó ya ara rẹ̀ náà sí i: ó jókòó ti tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń kọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bẹ́ orí ọkọ rẹ̀ ní 1794 nígbà ìdàrúdàpọ̀ ilẹ̀ Faransé, òun ni ó sì rí i pé àwọn ìwé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ di títẹ̀ jáde.

Ó yẹ kí a mọ bí iná sẹ́ẹ̀lì ṣe yàtọ̀ sí ti ilé ìdáná. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá iná igi rí mọ̀ pé púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ ni kì í dé ìdí ìkòkò; ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ara wa bá ń jó oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀, a ó jóná mọ́ ọn. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì a máa tú ṣúgà palẹ̀ ní ìpele dé ìpele, a sì máa gba agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Hans Krebs, tí ìjọba Hitler lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Jámánì ní 1933 nítorí pé Júù ni, ni ó to èyí tí ó ṣe kókó jù nínú àwọn ìpele náà lẹ́sẹẹsẹ ní ìlú Sheffield ní 1937. Eérú tí ń kù nínú iná yìí kò ju méjì lọ: omi, àti afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta.

Agbára tí sẹ́ẹ̀lì bá rí gbà, inú ohun kan tí wọ́n ń pè ní ATP ni ó ń kó o sí. N ó ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá gbé owó ńlá lọ sí ìdí aláta ní kùtùkùtù, ẹ mọ ohun tí yóò sọ: kò ní ṣéńjì. Ṣúgà ni owó ńlá, ATP sì ni ṣéńjì. Ìṣẹ́jú ojú, lílù ọkàn, ìrònú, wàrà tí ń sun nínú ọyàn, ṣéńjì ni a fi ń ra gbogbo wọn. Sẹ́ẹ̀lì lè ṣẹ́ ṣúgà kan láì sí ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ATP 2 péré ni yóò rí. Bí ọ́síjìn bá wà, yóò rí nǹkan bí 30. Èyí tí ó wà nínú ara ní àkókò kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nítorí pé à ń ná an tí a sì tún ń ṣẹ́ ẹ láìsinmi, àpapọ̀ èyí tí ara ènìyàn ń ṣe láàárín ọjọ́ kan lè tó ìwọ̀n ara ẹni náà fúnra rẹ̀. Kò sí àpò tí a lè tọ́jú rẹ̀ sí di ọ̀la. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè gba ààwẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè wà láì mí fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ibi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ti ń wáyé nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè ní mitokọ́ńdíríà. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ di Yorùbá ju kí n máa pè é ní ààrò lọ. Ohun kan wà nípa ààrò yìí tí ó máa ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pariwo nínú kíláàsì: ọ̀dọ̀ ìyá ni a ti ń jogún rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó bá àtọ̀ bàbá wọlé, ẹyin ìyá a máa pa á run. Nítorí náà, iná tí ń jó nínú ara ọmọ yín lónìí, ọ̀dọ̀ yín ni ó ti mú un. Ẹ̀yin gbà á lọ́wọ́ ìyá yín, ìyá yín gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, títí lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí a kò mọ orúkọ wọn mọ́. Bí ọmọ bá jọ bàbá rẹ̀ ní imú àti ní ìrìn, ẹ má ṣe bínú. Ààrò ti ìyá ni.

Ṣùgbọ́n ààrò ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ní kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá ti la ṣúgà sí méjì, ohun tí ó là yìí kò lè di jíjó nínú ààrò bí kò bá sí ohun kan tí ń jẹ́ fítámì B1, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní tayamíìnì. Ìwọ̀n tí a ń fẹ́ nínú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìka kò lè ṣà á: mílígíráàmù 1.1 fún obìnrin ní ọjọ́ kan, 1.4 fún aboyún àti ẹni tí ń fún ọmọ lọ́yàn. Bí a bá sì ti ń jẹ ẹ̀bà àti iyán sí i ni ìwọ̀n tí a nílò ń pọ̀ sí i, nítorí pé ṣúgà ni wọ́n ń dà. Ara kì í lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ju bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lọ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yìí bá sọnù ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ìyàwó ilé mọ ìtàn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí ilẹ̀ Àkókó lè ti gbọ́ nípa àìsàn kan tí ó máa ń yọjú ní àkókò òjò. Ènìyàn a jí pẹ̀lú àlàáfíà, a jẹ oúnjẹ tí ó kún àwo. Nígbà tí ó bá tó wákàtí mélòó kan, èébì a bẹ̀rẹ̀, òòyì a máa kọ́ ọ, gbogbo ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, kò sì ní lè dúró tàbí kí ó rìn tààrà. Ti àwọn mìíràn a le débi tí wọn kò fi ní mọ ibi tí wọ́n wà. Kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nígbà bẹ́ẹ̀ fún yín. Ta ni ó ṣe é? Ṣé ìyálé rẹ̀ ni? Àbí ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, tí òun sì ni ó gbé oúnjẹ náà kalẹ̀?

Ní 1958, dókítà méjì, Wright àti Morley, kọ̀wé nípa gbígbọ̀n yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ń fà á kò hàn sí wọn. Ó tó ọdún 35 lẹ́yìn náà kí ojútùú rẹ̀ tó jáde. Ní 1993, Dókítà Bọ́lá Adámọlẹ́kún tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì tún kọ̀wé ní 1994 nípa ìgbà tí àìsàn náà jà ní Ìkàrẹ́. Ìbéèrè tí ó wà nídìí iṣẹ́ wọn jẹ́ irú èyí tí obìnrin ilé èyíkéyìí lè béèrè: kí ni ẹ jẹ ṣáájú kí àìsàn tó dé? Ìdáhùn náà tọ́ka sí kòkòrò sányán. Bẹ́ẹ̀ ni, kòkòrò tí ń ṣe òwú tí a fi ń hun sányán, aṣọ tí àwọn àgbà kà sí bàbá aṣọ. Àkókò òjò ni ó máa ń pọ̀ nínú igbó, àwọn ènìyàn a sì máa yan án jẹ, pàápàá jù lọ nígbà tí owó ẹran àti ẹja kò sí.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ibi èyí máa fi ojú burúkú wo àwọn tí ń jẹ kòkòrò. Oúnjẹ amáradàgbà ni ọ̀pọ̀ kòkòrò jẹ́. Ohun tí ó fa wàhálà ni pé kòkòrò yìí ní èròjà kan nínú tí ń gé fítámì B1 sí wẹ́wẹ́, èròjà náà sì lágídí: ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2000 fi hàn pé ooru díẹ̀ kò lè pa á. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni àìsàn kọlù. Àwọn tí fítámì B1 ara wọn ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, nítorí pé oúnjẹ oníṣúgà bí ẹ̀gẹ́ nìkan ni wọ́n ń rí jẹ. Kòkòrò kàn wá gba kọ́kọ́rọ́ tí ó kù lọ́wọ́ wọn ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ àwo ńlá ẹ̀bà tàbí láfún; ṣúgà rọ́ dé ẹnu ààrò, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ ké. Ọpọlọ àgbàlagbà kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, òun ni ó ń ná nǹkan bí 20 nínú 100 agbára tí ara ń ná. Ti ọmọdé pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ní 1994 kan náà ni Adámọlẹ́kún àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ èsì ìtọ́jú jáde. Wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní tayamíìnì, wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú, láì jẹ́ kí aláìsàn tàbí olùtọ́jú mọ èwo ni èwo. Àwọn tí ó gba tayamíìnì ni ara wọn yá jù. Fítámì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí ń gbọ̀n dúró. Ẹ ronú sí iye ìyàwó tí a ti fi ojú àjẹ́ wò nítorí ọ̀ràn tí egbòogi rẹ̀ wà nínú àwo ẹ̀wà.

Ọ̀ràn fítámì yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní erékùṣù Java ní nǹkan bí 1889, dókítà kan tí ń jẹ́ Christiaan Eijkman rí i pé àwọn adìẹ tí òun ń sìn kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ wọn mọ́. Nígbà tí ó ṣe, ara wọn dédé yá. Ó wádìí títí, ó rí i pé ìrẹsì funfun tí ó ṣẹ́kù ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ti ń jẹ, títí alásè tuntun fi dé, tí ó ní òun kò ní fi ìrẹsì ológun bọ́ adìẹ aráàlú. Ìrẹsì tí a kò bó èèpo inú rẹ̀ ni wọ́n wá ń fún wọn, ìyẹn ni ó sì wò wọ́n sàn. Inú èèpo tí wọ́n ń bó dànù ni fítámì wà. Eijkman wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929, ṣùgbọ́n èmi kì í yé rántí alásè náà, ahun tí ó ṣe ayé lóore.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná tiwa. Mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ níbí, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ wà lọ́yàn, nítorí pé bí fítámì B1 kò bá sí lára ìyá, kò ní sí nínú wàrà rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ohùn ẹkún rẹ̀ kàn máa há, kí ó máa mí gúlegúle, kí ọkàn rẹ̀ sì kọ iṣẹ́ láàárín àkókò kúkúrú. Bí ẹ bá rí irú àmì yìí, ẹ má ṣe dúró de ọ̀la. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ tí mo rí nínú ilé ìdáná wa ni kánún. Mo mọ̀ pé ó ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, ó sì ń mú ewédú yọ̀. Ṣùgbọ́n fítámì B1 kò lè gbé pọ̀ pẹ̀lú kánún lórí iná. Ó ń bà á jẹ́. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ bo ìkòkò dáadáa, ẹ fi sùúrù sè é. Kẹrosíìnì tàbí gáàsì díẹ̀ ni ẹ ó fi kún un, mo mọ̀ pé kò dínwó, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí a fi kánún sè ti sọ ohun tí ó dára nínú rẹ̀ nù kí ó tó dé inú àwo. Omi ìrẹsì tí à ń sè díẹ̀ tí à ń dà nù ń kó fítámì lọ bákan náà, nítorí pé omi ni ó ń yọ́ ọ. Ẹ wọn omi sí i kí ó lè fà tán lórí iná.

Ti ògì ni ó ń dùn mí jù. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó dà omi orí rẹ̀ nù, a ó sì kó èèrí fún ewúrẹ́. Inú èèrí àti omi yẹn ni apá tí ó pọ̀ nínú fítámì àgbàdo bá lọ. Ọmọ wá ń mu èyí tí ó kù, funfun báláú, ó yọ̀ lọ́fun, ìyá rẹ̀ sì ń yangàn pé ògì òun kúnná. Fún ọmọ tí ó ti tó jẹun, ẹ lọ àgbàdo náà kúnná, ẹ lo asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò fún jù, kí púpọ̀ nínú èèrí lè kọjá. Ẹ fi ẹ̀wà tí a bó tí a sì lọ̀, tàbí ẹ̀pà lílọ̀, sí i kí ẹ tó sè é jinná. Fún ẹ̀yin fúnra yín, n kò mọ oúnjẹ tí ó dára ju àdàlú lọ. Àgbàdo odidi àti ẹ̀wà nínú ìkòkò kan! Ẹ̀dọ̀, ẹyin àti ẹ̀gúsí náà ń ṣèrànwọ́, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì ju gbogbo wọn lọ fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá gbà á.

Ilẹ̀kùn lè ṣí o, kí afẹ́fẹ́ má sì dé ìdí ààrò. Ẹ̀jẹ̀ ni aláàárù ọ́síjìn, irin tí ó wà nínú oúnjẹ ni ó sì fi ń gbé e. Obìnrin tí ń ṣe nǹkan oṣù, tí ó lóyún, tí ó sì bímọ, ń sọ irin nù ju ọkùnrin lọ. Ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja ni irin wọn ń tètè wọ ara. Ti ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ń wọlé dáadáa bí ẹ bá mu ọsàn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n tíì tí ẹ bá mu mọ́ oúnjẹ a máa dí i lọ́nà.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ń pa iná ààrò náà fúnra rẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti èédú tí a gbé sínú yàrá ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gba ìjókòó ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń di ìjókòó náà mú ju bí ọ́síjìn ti lè dì í mú lọ ní ìgbà tí ó lé ní 200. Ènìyàn a kàn máa tòògbé, orí a fọ́ ọ díẹ̀, kò ní jí mọ́. Bí òjò ń rọ̀, bí olè ń bẹ níta, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ìdí fèrèsé. Ẹ má sì ṣe gbé ìkòkò èédú sùn nítorí òtútù.

Ẹ̀gẹ́ ni èkejì. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù ni májèlé kan wà tí ń jẹ́ sáyánáìdì. Ibi tí ó ń ṣe iṣẹ́ burúkú rẹ̀ ni ìpele ìkẹyìn nínú ààrò, níbi tí ọ́síjìn ti ń parí iṣẹ́. Bí ó bá di ibẹ̀, ọ́síjìn a dé, kò ní rí ohun ṣe. Àwọn ìyá wa tí kò ka ìwé kan mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n ń rín ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń dì í sínú àpò fún ọjọ́ púpọ̀, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro, kí wọ́n tó yan án. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni májèlé ń bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Bí a bá gé ọjọ́ wọ̀nyí kúrú nítorí pé oníbàárà ń dúró, a ti da iṣẹ́ wọn rú. Ní Mòsáḿbíìkì ní 1981, nígbà tí ọ̀dá mú kí àwọn ènìyàn máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò fi ara balẹ̀ ṣe, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn rọ lé ní 1,000, obìnrin àti ọmọdé sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nílẹ̀ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn kọ̀wé ní 1968 nípa àìsàn iṣan tí ń ba ìrìn àti ojú jẹ́ láàrin àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, ó sì tọ́ka sí májèlé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣègùn ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ẹja tàbí ẹ̀wà tí ẹ bá fi jẹ ẹ̀bà kì í ṣe fún adùn nìkan: inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara ti ń rí ohun tí ó fi ń sọ májèlé tí ó ṣẹ́kù di aláìlágbára.

Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn padà wá bá mi lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n ti fún un ní oògùn onírin, àwo ẹ̀wà sì ti wọ ilé rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti ń rá kiri, kò sì jẹ́ kí òun jókòó. Mo bi í léèrè bí ó ṣe ń ṣe ògì rẹ̀ báyìí. Ó ní òun ti ń ṣe é gẹ́gẹ́ bí mo ti wí, èèrí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́kù mọ́. Ó wá wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣùgbọ́n Àǹtí, ìyá ọkọ mi ní kí n bi yín: kí ni kí òun máa wá fún ewúrẹ́ òun jẹ?”